Ọgbà Orílẹ̀-èdè Gunung Mulu

Ọgbà Orílẹ̀-èdè Gunung Mulu (ní èdè Malay: Taman Negara Gunung Mulu) jẹ́ igbó kìjikìji tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìdáàbòbò ní ìpínlẹ̀ Sarawak, ní apá orílẹ̀-èdè Malaysia tó wà ní erékùṣù Borneo. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 52,864. Lábẹ́ igbó náà ni ọ̀kan lára àwọn àkójọpọ̀ ihò àpáta tó gùn jù lọ lágbàáyé wà. Ó kéré tán, kìlómítà 295 ni àwọn awákiri ti rìn nínú rẹ̀ tí wọ́n sì ti yà sórí àwòrán ilẹ̀, síbẹ̀ wọn kò tíì dé òpin rẹ̀.

Ìjọba Sarawak dá ọgbà náà sílẹ̀ ní ọdún 1974, wọ́n ṣí i fún àwọn àlejò ní ọdún 1985, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ Ogún Àgbáyé ní ọdún 2000. Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni àjọ náà fi ń díwọ̀n ibi tó bá jẹ́ ogún ti ìṣẹ̀dá: ẹwà rẹ̀, ìtàn ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ìgbòkègbodò àwọn ohun abẹ̀mí ibẹ̀, àti ààbò tó ń ṣe fún àwọn ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n. Ibi tó bá kúnjú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè wọ inú àkójọ náà. Gunung Mulu kúnjú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Orúkọ àti ibi tó wà

Nínú èdè Malay, gunung túmọ̀ sí òkè, gua sì túmọ̀ sí ihò àpáta. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ẹni tó bá ń ka àwòrán ilẹ̀ ọgbà náà yóò máa bá pàdé léraléra. Òkè Mulu ló fún ọgbà ní orúkọ. Ó ga tó mítà 2,377, òun sì ni òkè kejì tó ga jù lọ ní Sarawak lẹ́yìn Òkè Murud. Òkè méjì mìíràn wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, èyíinì ni Gunung Api àti Gunung Benarat. Api túmọ̀ sí iná.

Ọgbà náà wà ní àríwá Sarawak, kò jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè Brunei. Odò Melinau ń gba àfonífojì tóóró tó wà láàrin Òkè Api àti Òkè Benarat kọjá, ó ń ṣàn wọ inú odò Tutoh, Tutoh ń ṣàn wọ inú odò Baram, Baram sì ń gbé gbogbo omi náà lọ sínú òkun. Kí bàálù tó máa balẹ̀ níbẹ̀, ojú àwọn odò yìí ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè fi dé Mulu. Kò sí àkókò ẹ̀ẹ̀rùn gidi níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Òjò ń rọ̀ jálẹ̀ ọdún, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń kọjá mílímítà 4,000 lọ́dún.

Bí àwọn ihò náà ṣe dá

Irú òkúta méjì ló wà nínú ọgbà náà, ìyàtọ̀ àárín wọn ló sì fa ohun gbogbo tí àwọn àlejò ń lọ wò. Òkúta oníyanrìn àti òkúta amọ̀ ni Òkè Mulu fúnra rẹ̀. Omi kì í tètè jẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí àwọn ihò ńlá nínú rẹ̀. Òkúta ẹfun ni Òkè Api àti Òkè Benarat ní tiwọn. Láyé àtijọ́, ìsàlẹ̀ òkun tí kò jìn ni ibẹ̀ jẹ́. Egungun àti karawun àwọn ẹ̀dá inú òkun kóra jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún títí wọ́n fi di òkúta tó nípọn gan-an. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè, tí ìsàlẹ̀ òkun sì di orí òkè.

Bí òjò bá ń rọ̀, ó máa ń gba gáàsì carbon dioxide mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ó sì tún ń gba púpọ̀ sí i láti inú ilẹ̀ igbó tí ewé ti ń jẹrà. Omi náà yóò wá di kíkan díẹ̀. Ìkan yìí kò tó ohun tí ahọ́n lè mọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti máa yọ́ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀. Omi wọ inú àwọn ibi tí òkúta ti sán, ibi tó sán di ihò tóóró, ihò tóóró di ojú odò abẹ́ ilẹ̀. Bí òkè ṣe ń ru sókè, bẹ́ẹ̀ ni odò ń gbẹ́ ọ̀nà tuntun sí ìsàlẹ̀, ó ń fi èyí tó wà lókè sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ihò Mulu fi wà ní ìpele ìpele bí àjà ilé alágbèékà, tó jẹ́ pé èyí tó dàgbà jù ló wà lókè pátápátá. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ máa ń ka ìpele wọ̀nyí bí ẹni ń ka ojú ìwé, ìtàn tó wà nínú wọn sì ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ọdún lọ.

Níbi tí omi bá ti ń kán láti òkè ihò, ẹfun tó ti yọ́ sínú rẹ̀ máa ń dì padà. Òkúta á máa rọ̀ wálẹ̀ bí ọmú ẹran, òmíràn á sì máa hù láti ilẹ̀ lọ bá a. Òróró tó wà ní ọwọ́ ènìyàn lè dá ìdàgbà rẹ̀ dúró, nítorí náà ni àwọn amọ̀nà ṣe máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìtàn ìwákiri

Àwọn Berawan àti àwọn Penan tó ń gbé ní agbègbè náà ti mọ ẹnu àwọn ihò kan tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó kankan tó kọ nǹkan nípa wọn. Spenser St. John, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Brunei, dé agbègbè náà ní ọdún 1858, ó sì gbìyànjú láti gun Òkè Mulu, ṣùgbọ́n kò dé orí rẹ̀. Àwọn mìíràn tó gbìyànjú lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣe àṣeyọrí. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1929 ni ọdẹ Berawan kan tó ń jẹ́ Tama Nilong, ẹni tó ń dọdẹ àgbáǹréré, ṣàwárí ẹ̀yìn òkè tó ṣeé gbà gun orí. Ọ̀nà rẹ̀ ni Edward Shackleton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Oxford tẹ̀ lé ní ọdún 1932 tí wọ́n fi dé ṣóńṣó òkè náà. Ọ̀nà náà ni àwọn agunkè ṣì ń gbà di òní.

Ní ọdún 1961, G. E. Wilford, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, wọn apá kan nínú àwọn ihò náà, ó sì sọ pé ó dájú pé ọ̀pọ̀ ṣì kù tí a kò tíì rí. Láàrin ọdún 1977 sí 1978, Royal Geographical Society ti ìlú London rán àwọn onímọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Robin Hanbury-Tenison ló ṣe olórí wọn. Àwọn kan ka igi, àwọn kan ka kòkòrò, àwọn kan sì wọ abẹ́ ilẹ̀. Nǹkan bí kìlómítà 50 ihò ni wọ́n yà sórí àwòrán kí wọ́n tó padà sílé. Láti ìgbà náà ni àwọn awákiri láti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn ọmọ Sarawak, ti ń padà wá síbẹ̀ láti tẹ̀ síwájú.

Àwárí tó gbajúmọ̀ jù wáyé ní ọdún 1981. Awákiri mẹ́ta, Andy Eavis, Dave Checkley àti Tony White, ń tọ odò abẹ́ ilẹ̀ kan nínú Gua Nasib Bagus, ìyẹn Ihò Oríire. Wọ́n dé ibi kan tí iná orí akoto wọn kò lè tàn dé òrùlé. Wọ́n rò pé ojú ọ̀nà tó fẹ̀ ni, nítorí náà wọ́n tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì ń wọ̀n bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tí ògiri náà kò dópin, wọ́n fi kọ́ḿpáàsì darí ara wọn, wọ́n sì dá òkùnkùn náà sọdá láti wá ògiri kejì. Ìrìn náà pẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ibi tí wọ́n ti ń rìn yìí ni a wá mọ̀ sí Gbọ̀ngàn Sarawak. Òòró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 600, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 415, ó sì ga tó mítà 80 ó kéré tán. Kò sí òpó kan tó gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Ní ti fífẹ̀ ilẹ̀, òun ni gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ tó tóbi jù lọ tí a tíì mọ̀. Ní ọdún 2013, wọ́n fi ìtànṣán lésà wọn Gbọ̀ngàn Miao ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n sì rí i pé àyè inú ti Miao ju ti Sarawak lọ.

Àwọn ihò tí àlejò lè wọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ihò Mulu kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Mẹ́rin ni wọ́n ti fi ọ̀nà pákó, àtẹ̀gùn àti iná sí fún àwọn àlejò.

Ihò Àgbọ̀nrín (Gua Payau, tàbí Gua Rusa) ló gbajúmọ̀ jù. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yìí nítorí pé àwọn àgbọ̀nrín máa ń sá wọ inú rẹ̀, wọ́n sì máa ń lá iyọ̀ tó wà lára àpáta ibẹ̀. Ọ̀nà inú rẹ̀ fẹ̀, ó sì ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ ní ibi púpọ̀. Títí di ọdún 2009 tí wọ́n ṣe ìwákiri Ihò Sơn Đoòng ní orílẹ̀-èdè Vietnam, Ihò Àgbọ̀nrín ni wọ́n kà sí ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Bí ènìyàn bá wẹ̀yìn láti inú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìhà gúúsù, etí àpáta yóò jọ ojú Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́, tí a wò láti ẹ̀gbẹ́. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè máa ń já wálẹ̀ láti òrùlé ihò bí omi tí a ń dà láti inú agbè.

Ihò Lang wà nítòsí rẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó kún fún àwọn òkúta tí omi fi ẹfun gbẹ́, ojú sì lè sún mọ́ wọn dáadáa. Nínú Ihò Atẹ́gùn, afẹ́fẹ́ tútù máa ń fẹ́ gba ibi tóóró kan kọjá, ibẹ̀ ni ihò náà ti gba orúkọ. Ihò Omi Mímọ́ ní odò abẹ́ ilẹ̀ ńlá tó ń ṣàn nínú rẹ̀, òun àti Ihò Atẹ́gùn sì so pọ̀ mọ́ra wọn. Gbogbo ọ̀nà tó so mọ́ ọn ti ju kìlómítà 200 lọ báyìí, èyí sì fi í sí ara àwọn ihò tó gùn jù lọ lágbàáyé.

Ní ẹnu Ihò Omi Mímọ́, àwọn òkúta ṣóńṣó kéékèèké dojú kọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka tọ́ka síta. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí ló fà á. Wọ́n ń gbé lára òkúta, wọ́n nílò ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ń jẹ òkúta náà ní ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Nítòsí ibẹ̀ náà ni ewéko Monophyllaea ń hù, tó jẹ́ pé ewé kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ń ní ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn.

Àwọn ihò mìíràn wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi okùn gun àpáta tàbí kó fàyà fà nínú omi. Ìrìn àjò lọ sí Gbọ̀ngàn Sarawak ń gba odindi ọjọ́ kan, àwọn amọ̀nà kì í sì í mú ẹni tí kò bá tíì fi ara rẹ̀ hàn nínú ihò tó rọrùn jù ú lọ.

Àdán àti òòbẹ̀

Ènìyàn púpọ̀ ń lọ sí Mulu nítorí ohun kan: ìjáde àwọn àdán ní ìrọ̀lẹ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta nínú wọn ló ń gbé nínú Ihò Àgbọ̀nrín. Yorùbá fi àdán sọ́tọ̀ kúrò lára òòbẹ̀, àwa náà la sì máa ń sọ pé ẹni tí kò rí àdán yóò fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àdán ńlá ń jẹ èso. Òòbẹ̀ kéékèèké ń jẹ kòkòrò. Bí a bá fi ojú ìyàtọ̀ yìí wò ó, òòbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ihò náà, orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ni Chaerephon plicatus.

Láàrin agogo márùn-ún àti agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yípo ní ẹnu ihò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jáde ní ọ̀wọ́ gígùn tó ń lọ́ bí èéfín tí atẹ́gùn ń gbé. Ìlọ́lọ́ yìí kì í ṣe eré. Àwòdì tó ń pa àdán jẹ máa ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀run, ó sì ṣòro fún un láti mú ẹyọ kan nínú ọ̀wọ́ tí kò dúró sójú kan. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, wọn kì í sábà jáde, àlejò tó bá wá fún alẹ́ kan péré sì lè padà láìrí ohunkóhun.

Kòkòrò tí wọ́n ń jẹ lóru kan tó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù. Ìgbẹ́ wọn tó ń já sílẹ̀ nínú ihò ló ń bọ́ àwọn ẹ̀dá tí kì í rí oòrùn: aáyán, ìjàm̀pere, alákàn kéékèèké, aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò mìíràn. Ẹyẹ swiftlet, tó jọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ń kọ́ ìtẹ́ sára ògiri ihò, ó sì ń fi ìró ẹnu rẹ̀ mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ejò kan tún wà tó ń gbé inú òkùnkùn náà tó ń mú àdán àti ẹyẹ jẹ. Gbogbo ilé oúnjẹ yìí dúró lórí ohun tí àdán bá rí jẹ níta, nínú igbó.

Ewéko àti ẹranko inú igbó

Irú ewéko tó tó 3,500 ni wọ́n ti kà nínú ọgbà náà. Nínú wọn ni irú ọ̀pẹ 109, èyí tó mú kí Mulu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí oríṣiríṣi ọ̀pẹ pọ̀ sí jù lọ láyé. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni igbó ń yí padà: igi ńláńlá tó ga fíofío wà ní ìsàlẹ̀, igi kúkúrú tí éwé tútù bò mọ́lẹ̀ wà ní àárín, ní orí Òkè Mulu sì ni àwọn igi ti kúrú bí igbó ṣúúrú, tí ewéko tó ń fi ìkòkò ewé mú kòkòrò jẹ sì ń hù láàrin wọn.

Irú ẹyẹ hornbill mẹ́jọ tó wà ní Sarawak ni wọ́n ti rí níbẹ̀. Ìbátan àtíòro ni wọ́n, ìró ìyẹ́ wọn sì máa ń dún bí ẹni ń fẹ́ ẹwìrì nígbà tí wọ́n bá ń kọjá lókè. Ọ̀bọ, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, àgbọ̀nrín àti ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣòro í rí nínú igbó tó dí. Kòkòrò, ọ̀pọ̀lọ́ àti eṣúṣú ni àlejò máa ń rí jù.

Lórí Òkè Api ni àwọn Ṣóńṣó wà. Abẹ òkúta ẹfun ni wọ́n, tó dúró gbọngbọn láàrin igi, tí àwọn mìíràn nínú wọn ga tó mítà 45. Òjò ló pọ́n wọn bẹ́ẹ̀ nípa yíyọ́ òkúta tó wà láàrin wọn.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀

Àwọn Berawan jẹ́ àgbẹ̀ àti apẹja tó ń gbé nínú ilé gbọọrọ lẹ́bàá odò. Àwọn Penan ní tiwọn ń ṣí kiri nínú igbó láyé àtijọ́. Wọ́n ń fi ọ̀pá tí a ń fẹnu fẹ́ ọfà dọdẹ, wọ́n sì ń jẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń rí láti inú igi ọ̀pẹ sago. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti jókòó sójú kan báyìí. Batu Bungan, lẹ́bàá odò Melinau, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìletò wọn tó súnmọ́ ọgbà náà jù. Nígbà tí ìjọba dá ọgbà sílẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti máa dọdẹ níwọ̀nba nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Penan, molong, tí ó ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo túmọ̀. Bí Penan kan bá rí igi sago tàbí igi eléso tó dára, ó lè fi àmì sí i lára. Àmì náà ń sọ fún àwọn yòókù pé ẹnì kan ti ń tọ́jú igi yìí, pé yóò mú nínú rẹ̀ ní ìwọ̀nba, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ kó lè tún hù. Ó súnmọ́ ààlè tí a máa ń pa sára nǹkan ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àbójútó ló wà nínú molong ju ìdènà lọ. Nínú ìjà lórí ilẹ̀, ohun tó ṣòro fún àwọn Penan ni pé igbó tí wọ́n ti molong kì í fi àmì oko sílẹ̀. Lójú ẹni tó wá láti ìlú, ó dà bí ilẹ̀ tí kò ní olówó.

Láti ọdún 1987 ni àwọn Penan ti ń fi igi dínà fún àwọn tó ń gé gẹdú ní agbègbè odò Baram àti Limbang. Bruno Manser, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tó kọ́kọ́ dé Mulu pẹ̀lú àwọn awákiri ihò ní ọdún 1984, gbé láàrin wọn fún ọdún mẹ́fà, ó sì di agbẹnusọ wọn lókè òkun. Ó padà wọ inú igbó Sarawak ní ọdún 2000, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìbẹ̀wò

Ìlú Miri ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń wọ bàálù kékeré lọ sí Mulu. Ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti pápákọ̀ òfuurufú sí ọ́fíìsì ọgbà kò jìnnà. Níbẹ̀ ni àlejò ti ń gba ìwé àṣẹ, tí ó sì ń fi orúkọ sílẹ̀ fún àwọn ihò tó bá fẹ́ wọ̀. Kò sẹ́ni tó lè wọ ihò kankan láìsí amọ̀nà, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ agbègbè náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn amọ̀nà.

Ọ̀nà pákó tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta gba inú igbó lọ sí Ihò Lang àti Ihò Àgbọ̀nrín. Ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń lọ, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ lọ jókòó de àwọn àdán. Ọkọ̀ ojú omi tóóró ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí Ihò Atẹ́gùn àti Ihò Omi Mímọ́. Lójú ọ̀nà, wọ́n máa ń dúró ní Batu Bungan láti ra agbọ̀n àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn obìnrin Penan hun. Afárá olókùn kan tún wà láàrin orí igi, tó gùn tó mítà 480.

Ìrìn sí àwọn Ṣóńṣó ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú omi ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìrìn ẹsẹ̀ nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án dé Àgọ́ Karùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sùn. Ọ̀nà orí òkè kò ju kìlómítà 2.4 lọ, ṣùgbọ́n ó ń gòkè tó mítà 1,200, ìparí rẹ̀ sì jẹ́ okùn àti àkàsọ̀ irin tí a dè mọ́ àpáta. Amọ̀nà lè dá ẹni tó bá ń falẹ̀ padà láàrin ọ̀nà, nítorí pé sísọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn léwu ju gígùn lọ. Ìrìn sí orí Òkè Mulu jẹ́ kìlómítà 24 ní àlọ nìkan, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń yà sọ́tọ̀ fún un.

Bàtà tí kì í yọ̀, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òjò àti omi mímu ni ohun tí àlejò nílò jù. Òjò lè mú kí odò abẹ́ ilẹ̀ kún láìròtẹ́lẹ̀, amọ̀nà sì ní àṣẹ láti ti ihò pa nígbàkigbà.

Igi ọ̀pẹ àti ọjọ́ iwájú ọgbà náà

Igi tó ń yí ilẹ̀ Borneo padà jù lọ lóde òní kì í ṣe igi ibẹ̀. Ọ̀pẹ tí a ń rí epo pupa lára rẹ̀, Elaeis guineensis, jẹ́ igi ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìwọ̀-oòrùn títí dé àárín gbùngbùn rẹ̀, irú èyí tí àwọn baba wa ń gùn tí wọ́n ń dá ẹmu lára rẹ̀. Ní ọdún 1848, ọ̀pẹ mẹ́rin ni wọ́n gbìn sí ọgbà ewéko ìlú Bogor ní erékùṣù Java. Láti ara irú ọmọ wọn ni oko ọ̀pẹ ńláńlá ti tàn ká Sumatra àti Malaysia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún òwò ní Malaysia ní ọdún 1917. Kòkòrò tó ń gbé àtíkè òdòdó ọ̀pẹ láti igi kan sí èkejì kò bá a dé ibẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì ń fi ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1981, wọ́n kó kòkòrò náà wá láti Cameroon, ọwọ́ sì dẹ̀. Oko ọ̀pẹ ń fi owó sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ní Malaysia, ó sì ń gba ilẹ̀ igbó.

Ní ọdún 2019, àwọn Penan àti Berawan dínà fún àwọn tó ń gé igbó lulẹ̀ nítòsí ọgbà Mulu láti gbin ọ̀pẹ. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ni, àti pé wọn kò béèrè lọ́wọ́ àwọn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ọ̀ràn náà fi ohun kan hàn tí àwòrán ilẹ̀ kì í fi hàn. Òfin dá ààbò bo hẹ́kítà 52,864, ṣùgbọ́n àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ kò mọ ààlà tí ìjọba pa. Odò tó ń ṣàn wọ inú àwọn ihò lè gbé ẹrẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n bá ti gé igbó lókè. Àdán tó ń sùn nínú Ihò Àgbọ̀nrín ń fò jìnnà lóru lọ wá kòkòrò, ó sì ń kọjá ààlà ọgbà kó tó padà wálé ní òwúrọ̀. Bí oúnjẹ tó ń rí níta bá dín kù, ìgbẹ́ tó ń já sílẹ̀ nínú ihò yóò dín kù, ebi yóò sì dé bá àwọn ẹ̀dá inú òkùnkùn tí wọn kò fojú kan igbó rí.